Ṣùtì Tí N Kò Yọ

Mo rántí ìgbà tí ẹnu mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Ní ìlú Tápà nítòsí Igbó-Ọrà ni, nílé ọkọ mi, lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí. Oyún ọ̀hún ti fi èébì dá mi lóró débi pé ìyá ọkọ mi, tó ń ta gàrí, kì í ti ọjà dé láìra oògùn èébì fún mi lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Ó bá mi lára mu. Mo bímọ tán, mi ò fi oògùn náà sílẹ̀. Bí mi ò bá lò ó, ṣe ni inú á máa rìn mí. Ìyá náà ò sì yéé rà á.

Ètè mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Á sún jọ, á yọ síwájú, ahọ́n á yọjú, mi ò sì rán an níṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnu òfìfo kì í dún yànmùyànmù. Tèmi ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mò ń fi ọwọ́ bò ó, mò ń jẹ orógbó kí wọ́n lè rò pé nǹkan ló wà lẹ́nu mi, mò ń jókòó, mò ń dìde. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo rò pé ẹnì kan ò ní í mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í kí ìyá ọkọ ní ìdúró. Àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀, ojú mi sí ojú rẹ̀, bí àyà mi bá sì ti já báyìí, ètè á tún le sí i. Ó gbà pé ṣùtì ni mò ń yọ sí òun. Ó ní bí mo bá sùn, ẹnu mi a dákẹ́. Ó ní bí mo bá sì jí, èébú mi sí òun tún dé. Ó ní kí ọkọ mi dá mi padà sílé bàbá mi, kí n sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ tí mò ń fún lọ́mú!

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé ká kọ́kọ́ dé ọsibítù ní Igbó-Ọrà. Ìyá náà tẹ̀ lé wa, ó ní òun fẹ́ gbọ́ irọ́ tí n ó pa. Dókítà wo ẹnu mi títí, ó ní kí n kó oògùn yòówù tí mo bá ń lò sílẹ̀, mo sì yọ ti èébì nínú àpò. Nígbà tó rí i, ó ní òun nìyẹn: bí èèyàn bá lò ó pẹ́, ó lè mú kí ẹnu onítọ̀hún máa dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní ohun tó ń ṣe ẹnu mi lè lọ, ó sì lè má lọ tán.

"Ta ló ń rà á fún un?" Dókítà bi ọkọ mi.

Ìyá ọkọ mi tú gèlè, ó tún un wé. "Èmi ni."

Mo fi oògùn náà sílẹ̀. Ètè mi tó ń sún dín kù, kò lọ tán. Títí dòní, bí àlejò bá wọlé tí ètè mi sún, ọkàn mi kì í balẹ̀, mo máa ń fẹ́ ṣàlàyé. Ìyá náà kì í jẹ́ kí n débẹ̀. Ó ti ń darúgbó, ó máa ń ṣi orúkọ àwọn ọmọ mi pè, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé èyí:

"Ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo rà á fún un."