Ta Ló Mọ Òkè Sóbì Jù?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú olùkọ́ ọmọ mi. Ọmọ Èkìtì ni olùkọ́ náà, kò tíì pé ọdún méjì tó dé Ìlọrin, àdúgbò Fate ló ń gbé, ibẹ̀ náà ni iléèwé tó ti ń kọ́ wọn wà. Èmi ní tèmi, àdúgbò Gàmbàrí nínú Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, láti kékeré ni mo sì ti ń rí Òkè Sóbì lọ́ọ̀ọ́kán. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìlú wa, "Àǹtí sọ pé" ló kún ẹnu ọmọ mi.

Àǹtí sọ pé kò sí òkè tó ga tó Sóbì ní Ìlọrin. Àǹtí sọ pé láyé ogun, orí ẹ̀ làwọn èèyàn ń sá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀tá tó bá ń bọ̀ lókèèrè. Àǹtí sọ pé bí òjò bá dá, omi máa ń dúró sínú kòtò orí àpáta, àwọn ẹyẹ á sì wá mu ún. Mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́, ó ń ka Àǹtí sí mi létí.

"Àǹtí yín ti gùn ún rí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì!" Ojú ẹ̀ ń dán. "Màmá, ẹ̀yin ń kọ́?"

Ibẹ̀ ni owú ti gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. "Èmi? Mi ò lè ka iye ìgbà. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹní mowó."

Irọ́ gbuu! Ẹsẹ̀ mi ò kan òkè náà rí. Ta ló tiẹ̀ ń gùn ún nínú àwa ọmọ onílùú? Àlejò ló ń gùn ún. Àwa kàn máa ń nawọ́ sí i ni.

Ọmọ mi gbé irọ́ yẹn lọ sí iléèwé. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa kó àwọn ọmọ kíláàsì wọn lọ sórí òkè náà kù díẹ̀, Àǹtí ránṣẹ́ pé kí n jọ̀ọ́, kí n bá wọn lọ. Ta ní í kọ iyì? Lọ́jọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta híjáàbù lágbègbè Post Office, mo sì wọ bàtà tó rẹwà jù nínú bàtà mi.

A dé ìdí òkè. Àǹtí tẹ eékún kí mi. "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwájú wa."

Mo wá ẹ̀gàn títí nínú ohùn ẹ̀, mi ò rí i. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ń fi mí yangàn láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo bá tọ ipa ẹsẹ̀ kan tó jọ ọ̀nà. Kò pẹ́ tá a fi dojú kọ àpáta tó dúró gbọnrangandan, tí kò síbi tí èèyàn lè kọjá. Okùn bàtà mi kan já. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, Màmá fẹ́ kẹ́ ẹ rí bí àpáta ṣe rí nísàlẹ̀ ni. Ó yá, apá ọ̀tún la máa gbà."

Oore yẹn ta mí ju ẹ̀sín lọ. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, ǹ bá rí èsì fọ̀.

Nígbà tá a gòkè tán, gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀, páànù tó ti dípẹtà lọ súà, òrùlé rìbìtì mọ́ṣáláṣí ńlá yọ láàárín wọn. Ó wù mí kí n pariwo, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gùn ún láìmọye ìgbà kì í pariwo. Ọmọ mi jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó lọ dúró ti Àǹtí. Àǹtí ń fi ìka tọ́ka sí Gàmbàrí fún un. Gàmbàrí tèmi! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Bá a ṣe ń bọ̀, èmi àti ọmọ mi yà kí bàbá mi. Wọ́n jókòó sórí awọ àgbò, wọ́n ń yí tẹ̀súbáà. Wọ́n bi ọmọ-ọmọ wọn pé, "Ta ló mú yín dókè?"

Mo dorí kodò, mo ń retí "Àǹtí ni".

"Màmá ni," ó dáhùn, ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ ṣẹ́. "Wọ́n mọ gbogbo ọ̀nà ibẹ̀."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúà fún mi. Ọmọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun kan tí ọmọ yìí máa kọ́ lọ́dọ̀ mi tí kò ní jẹ́ ti Àǹtí. Irọ́ ni mo kọ́ ọ.