Ìwọ́wé Ọdún Tí Mi Ò Wakọ̀ Mọ́

Oṣù kẹsàn-án ń parí lọ nígbà tí dókítà ojú sọ fún mi pé kí n má wakọ̀ mọ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó fi àwòrán méjì hàn mí, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Ibi tó dúdú nínú àwòrán náà ni ibi tí ojú mi kò ríran mọ́. Ó dúdú yí ká, àárín nìkan ló mọ́. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, pé oògùn tí màá máa kán sójú kò lè dá a padà, èyí tó kù ni a fẹ́ dì mú.

Ó bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní irú rẹ̀ rí. Mo ní bàbá mi fọ́jú kó tó kú. Ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ ogbó la pè é. Kójú náà tó fọ́ tán, tí èèyàn bá kí bàbá láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo orí ni wọ́n máa ń yí bíi ti adìyẹ kí wọ́n tó rí onítọ̀hún.

Ìyàwó mi ló wakọ̀ gbé mi délé. Nọ́ọ̀sì ni, ohun tí dókítà sọ yé e ju bó ṣe yé mi lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun tí a máa jẹ lálẹ́ ló ń sọ títí a fi dé Farmers Branch, ìlú tí à ń gbé nílẹ̀ òyìnbó. Nígbà tó dúró níwájú gáréèjì, ó ní, "Dádì, a dúpẹ́ pé wọ́n tètè rí i."

Mo ní, "Wọn ò tètè rí i."

Ó pa mọ́tò, a sì jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ọ̀gá mi sì gbà kí n máa ṣe é láti ilé. Bí ilé ṣe di àhámọ́ fún mi nìyẹn. Ní ìlú tí èèyàn ò ti lè ra búrẹ́dì láìwọ mọ́tò, ẹni tí kò lè wakọ̀ ti padà di ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, màá gbé kámẹ́rà mi àtijọ́, màá sì jáde sí àdúgbò wa. Mo fẹ́ kó àwọ̀ jọ kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi.

Ìgbà ìwọ́wé kì í tètè dé ibí. Ooru ṣì ń mú, ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ilé, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọ àdúgbò, á pọ́n lára bíríkì bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Igi óákù kan wà láàárín ilé wa àti ti aládùúgbò. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ pọ́n lókè rẹ̀, bí ewú ṣe máa ń yọ lórí ẹni tí kò tí ì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nítòsí nìkan ni mò ń yà: ewé tó já sórí mọ́tò mi tó dúró láìlọ síbì kan, òjìji ọgbà pákó lórí koríko gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò náà ò dára. Lọ́jọ́ kan mo forí gbá ọkùnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá, torí mi ò rí i. Ó bínú. Mo bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ṣàlàyé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ìmọ́lẹ̀ náà dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo dúró lódìkejì ọ̀nà, mo kọjú sí ilé wa, mo ń ya igi náà léraléra. Nígbà tí mo wọlé, mo gbé àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà. Igi náà jáde dáadáa. Mo yí orí díẹ̀ láti wo etí fọ́tò náà, ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó mi.

Ó dúró lẹ́nu gáréèjì, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún. Mo wo fọ́tò tó tẹ̀ lé e, ó wà níbẹ̀. Nínú èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń yí kámẹ́rà síbí sọ́hùn-ún, iwájú mi ló wà, mi ò sì rí i.

Ilé ìdáná ló wà nígbà náà, ó ń fọ ìrẹsì. Mo gbé kọ̀ǹpútà tọ̀ ọ́ lọ.

"Mọ́mì, kí lo ń sunkún sí níta?"

Ó wo fọ́tò náà. "Mo rò pé ẹ rí mi ni. Mo rò pé ẹ rí mi, ẹ kàn mójú kúrò."

"Mi ò rí ẹ rárá. Ṣé torí ojú mi ni?"

Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Kì í ṣe tiyín nìkan. Ó ṣe bàbá yín, ó ṣe ẹ̀yin náà. Ta ló kàn?"

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí, ó wà ní yunifásítì ní Arlington. Ọkàn mi ò tí ì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú ara mi nìkan ni mo ti ń ṣọ̀fọ̀.

A pè é lórí fóònù. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Dádì," ló wí, ó kí ìyá rẹ̀ náà, lẹ́yìn ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Mo sọ ohun gbogbo fún un. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní kò dùn mí rí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú débi tó dé. Mo ní kó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó ní òun á lọ.

Ìyá rẹ̀ ló bá a lọ. Dókítà ní wọn ò tí ì rí ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìfúnpá inú ojú rẹ̀ ga díẹ̀, kó máa wá lọ́dọọdún. Ìyàwó mi ní ká dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n "ga díẹ̀" yẹn ni mò ń gbọ́ tí mo bá jí láàárọ̀.

Òjò àti ìjì dé lọ́sẹ̀ kan, wọ́n gbọn ewé igi náà sílẹ̀ kó tó pọ́n tán. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ ewé náà jọ, wọ́n kó o sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n gbé e lọ. Mi ò ya ìyẹn.

Ní báyìí, tí ìyàwó mi bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mi, á kọ́kọ́ fọhùn kó tó sún mọ́ mi. "Èmi ni o," á wí jẹ́jẹ́, nínú ilé tó jẹ́ pé àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀.