Ẹran Tó Yọ́ Sínú Ọbẹ̀ Àna Mi

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Jẹ́dà kò ṣeé ṣàlàyé fún ìyá ìyàwó. Màá gba ẹ̀jẹ̀ màlúù, màá wá àmì tó jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀, màá sì sọ fún ọ̀gá mi bóyá ẹran rẹ̀ yóò rọ̀ lẹ́nu tàbí yóò le, nígbà tí màlúù ọ̀hún ṣì ń jẹko. Àwọn tó bá le, a kì í jẹ́ kí wọ́n bímọ. Ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ débi pé irun iwájú orí mi ti lọ, ìyàwó kò sì tíì wọlé.

Lọ́dún 1998 ni mo rí Suwaibat. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é, Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Ìyá náà, Àlàájà Fáòsíátù, wá ṣe Háàjì, kò padà sílé mọ́. Òkè Nakkasah ní Mẹ́kà níbẹ̀ ló ń gbé, ó ń se oúnjẹ tà. Òun ló máa sọ bóyá màá fẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí n kò ní fẹ́ ẹ. Ó ní kí n mú ẹran wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí òun fi se ọbẹ̀ fún ẹbí, kí wọ́n lè rí mi.

Inú mi dùn ṣìnkìn. Ta ló tún mọ ẹran jù mí lọ? Mo lọ bẹ ọ̀gá mi nílé rẹ̀ ní Obhur ní Jẹ́dà, mo gba itan màlúù tí àmì rẹ̀ dára jù nínú agbo wa. Mo gbé e lé èjìká gun òkè Nakkasah, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ti fún níyàwó.

Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ àti ìran màlúù fún Àlàájì Kàmọ́rù, àbúrò bàbá Suwaibat. Ó ń mi orí, ojú rẹ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Níbẹ̀, Àlàájà ń se ẹran mi bí ẹni ń se màlúù tó fẹsẹ̀ rìn wá láti Òkè Ọya. Ó bọ̀ ọ́, ó tún un bọ̀, ó wá dà á sínú ata. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti kìlọ̀ fún un pé ẹran yìí kò fẹ́ iná púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n bu ọbẹ̀, a kò rí ẹran. Ó ti fọ́ sínú ata bí ẹ̀gúsí. Àlàájì Kàmọ́rù fi ṣíbí wá a títí, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé egungun nìkan ni mo gbé wá. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé àmì inú ẹ̀jẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú wọn ń le sí i.

Àlàájà ní kí n sinmi. Ó ní, “Abdulwahid, ẹ̀jẹ̀ tó o ń yẹ̀ wò yẹn, ṣé ó lè fi èyí tó le hàn ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Àwọn yẹn la máa ń lé kúrò nínú agbo.”

“Wàláhì, òun ni kó o mú wá lọ́jọ́ yìgì. Èèyàn gbọ́dọ̀ rí nǹkan rún lẹ́nu.”

Mo ti ń múra láti gbèjà màlúù mi kí n tó gbọ́ pé ó dárúkọ yìgì.

Lọ́jọ́ yìgì náà, akọ màlúù tí mo fọwọ́ ara mi kọ̀ la pa. Àlàájì Kàmọ́rù rún un títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ó ní ẹran nìyí. Èmi náà rún tèmi. Ó dùn ju gbogbo èyí tí mo ti ń fi ẹ̀jẹ̀ wá kiri lọ, n kò sì tíì sọ fún ọ̀gá mi títí dòní.