Kòkó Tí Ọmọ Mi Máa Ń Sè

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ní Ọ̀kà ni mo ti ń fọ́ kòkó. A ó kó hóró rẹ̀ jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sá a sóòrùn, àwọn tó ń rà á yóò sì wá kó o lọ. N kò mu ún rí. Omi dídùn ara rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ máa ń lá nígbà tó bá ṣì tutù.

Ọmọ mi obìnrin ló mú mímu rẹ̀ wálé. Ó ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún díẹ̀ ní Tìrìnídáàdì, erékùṣù kan lókè òkun lọ́hùn-ún, kó tó padà wá máa gbé ní Ìkàrẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, á wá gba kòkó gbígbẹ lọ́wọ́ mi, á yan án, á gún un. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ohun tí bàbá rẹ fi ra páànù ilé yìí lo ń sè mu bí ògì." Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n tọ́ ọ wò. N kì í tọ́ ọ wò.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ará ilé ń sunkún, tèmi kò wá. Mo ń jẹun, mo ń lọ sóko, mo ń gbálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń bá mi kọ èyí, wá ń gbé lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó béèrè bóyá mo mọ kòkó màmá òun sè. Ó ní òun ti wò ó nínú fóònù, ohun tí òun rí níbẹ̀ kì í ṣe ti màmá òun. Ìyẹn ni pé bí kò bá sí lọ́wọ́ mi, kò sí níbì kankan mọ́. Mo ní mo mọ̀ ọ́n sè. N kò mọ̀ ọ́n. Kọ ìyẹn náà sí i.

Mo yan kòkó náà títí èèpo rẹ̀ fi ń ta, a bó o, a fẹ́ èèpo dànù. Mo dà á sínú odó, mo ń retí kó kúnná bí ata gbígbẹ, kí n lè jọ̀ ọ́. Kò kúnná. Ó ń lẹ̀ mọ́ odó, ó ń yọ epo, ó dà bí ẹrẹ̀. Mo ní ó ti bàjẹ́, mo fẹ́ lọ dà á nù sẹ́yìn ilé. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ẹ jẹ́ kí n ṣù ú."

Ó ṣù ú. A gbé omi kaná, a ju ìṣù kan sí i pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù, àti èèpo igi olóòórùn dídùn tó kù nínú agolo màmá rẹ̀. Nígbà tó hó, a da mílíìkì sí i, ṣúgà tẹ̀lé e. Ọmọ náà mu ún. Ó ní ó jọ ti màmá òun, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan, òun kò mọ ohun tó jẹ́.

Mo jókòó ti ààrò. Mo rántí ọmọ mi nígbà tó kéré: kì í mu ògì àfi bí mo bá fi iyọ̀ bíńtín sí i, ṣúgà ì báà wà níbẹ̀. Mo fi ìka méjì mú iyọ̀ sínú ife náà, mo rò ó pọ̀.

Ó tún mu ún. Kò sọ pé ó dùn. Ó ní, "Òun nìyí," ó sì na ife sí mi kí n bu òmíràn.

Mo bu tèmi náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó korò díẹ̀, ó gbóná. Mo mu ún tán, mo ń retí kí ẹkún tèmi wá. Kò wá. Mo fọ odó, mo da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ìṣù mẹ́rin ló kù, wọ́n wà nínú agolo náà.