Obìnrin Tó Wà Létí Odò

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í fa ìlà. Bí ó bá fẹ́ ya igi, àmì kan ni yóò kọ́kọ́ fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀, yóò tẹ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò tún tẹ òmíràn, ewé kan ò sì ní tíì jọ ewé títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ yóò fi tutù. Kì í po ọ̀dà mọ́ ọ̀dà pẹ̀lú. Tó bá fẹ́ kí koríko tutù yọ̀yọ̀, yóò tẹ àmì yẹ́lò, yóò tẹ àmì búlúù tì í, yóò ní ojú ẹni tó ń wò ó ni kó lọ pò ó fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Tótòtó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un kò mọ òmíràn. Èmi a máa pè é ní Bùrọ̀dá. Èmi ni mo tẹ̀ lé e nínú ọmọ ìyá wa, mo sì ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé tí òun ń lo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nítorí náà, ohun tí kò bá ṣojú mi nínú ilé yẹn á ṣetí mi.

Bí mo bá bi í pé ìgbà wo ni iṣẹ́ kan máa parí, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Mo ti sọ fún un rí pé imú ẹlẹ́dẹ̀ ẹlòmíràn ti wọgbà, ó ti jẹun yó, ó ti jáde, tirẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ilẹ̀, omi àti òkè ló máa ń yà. Lọ́yà kan ní kó ya oko bàbá òun fún òun, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì. Báńkì gba òkè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà eyín gba pápá tó tẹ́jú, kí àwọn tó ń dúró de ọ̀rọ̀ eyín lè rí nǹkan wò yàtọ̀ sí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ìyàwó wa, ni igbá-kejì iṣẹ́ náà. Òun ló ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú kẹrosíìnì, òun ló ń bu ọ̀dà sínú ìdérí ìgò, àwọ̀ kan sí ìdérí kan. Orí àpótí kékeré ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọkọ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá bi í léèrè àwòrán, àmì nìkan ló lè ròyìn. Kí ó tó wọlé yìí, èmi ni mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì wọ̀nyẹn o. Ọ̀sẹ̀ tó dé ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ sinmi." Mo lọ sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsinmi náà korò lẹ́nu mi títí di òní.

Ó lówú. Mi ò sọ ọ́ láti bà á lórúkọ jẹ́. Bí oníbàárà tó jẹ́ obìnrin bá rẹ́rìn-ín pẹ́ lẹ́yìnkùlé wa, tíì rẹ̀ kì í ní ṣúgà. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin", kò dénú. Tìyàwó wa ò tilẹ̀ dé ẹnu.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n fẹ́ àwòrán odò kan tí yóò gba gbogbo ògiri gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Káfíńtà kan pátákó ńláńlá wá fún wa, wọ́n gbé wọn ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, Bùrọ̀dá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àmì láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á dìde, á rìn lọ dé ẹnu géètì, á di ojú kan, á wo iṣẹ́ rẹ̀ láti òkèèrè, á sì padà. Ìyàwó wa kì í bá a lọ. Ó ní ta ni yóò ṣọ́ ọ̀dà.

Ọjọ́ kan ni okùn tí a ń sáṣọ sí já, ìyàwó wa wá lọ so òmíràn mọ́ géètì. Ó ti gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù kọ́ èjìká kí ó tó yíjú sẹ́yìn. Ìgbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, ó ṣì dúró síbẹ̀, omi aṣọ ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan o."

Mo lọ. Láti ibẹ̀, àmì ti di odò, ó ti di igi, ó ti di ọ̀nà tóóró létí omi. Lórí ọ̀nà náà, obìnrin kékeré kan ń rìn lọ, ó kẹ̀yìn sí wa, ó so síkáàfù aláwọ̀ ọsàn mọ́rí. Bí èèyàn ò bá wò ó dáadáa, kò ní rí i.

"Ta nìyẹn?"

"Èèyàn ni," ni mo wí. "Àwòrán ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èèyàn, kí ojú lè mọ bí igi ṣe ga tó. Bí ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn."

Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí Bùrọ̀dá ń kọ́ṣẹ́, ó ní àfẹ́sọ́nà kan, tíṣà ni. Òjò o, oòrùn o, síkáàfù aláwọ̀ ọsàn kì í kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n jọ máa ń lọ sétí odò, òun á rìn lọ níwájú, Bùrọ̀dá á gbé pátákó tẹ̀ lé e. Tíṣà yìí wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé òun ò lè fi gbogbo ayé òun dúró de àmì, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Bùrọ̀dá ò bá a jà, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni obìnrin kan ti ń rìn lọ nínú àwòrán rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mi ò kàn sọ ọ́ ni.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyàwó wa wọṣọ ìjáde. Ó lọ sí báńkì láìní nǹkan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà, ó ní òun ń wá ẹnì kan. Ó lọ jókòó sílé dókítà eyín, òun tí eyín rẹ̀ lè fọ́ egungun. Nígbà tó dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi dúró tì mí nídìí máṣíìnì.

"Ó wà ní gbogbo ibẹ̀, Àǹtí. Gbogbo ibẹ̀! Ta ni?"

"Lọ bi ọkọ ẹ."

Ó bi í. Mo gbọ́ ọ láti yàrá iwájú.

"Dádì, ta ni obìnrin tó wà létí odò?"

"Àmì ni, Mọ́mì. Àmì lásán."

"Kò sí àmì lásán nínú ilé yìí. Èmi ni mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì wọn."

Bùrọ̀dá tún tẹ àmì mìíràn. Láti ọjọ́ náà, adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìyàwó wa ń bu ọ̀dà fún un, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì fún un, ṣùgbọ́n bó bá kan ìdérí tí àwọ̀ ọsàn wà nínú rẹ̀, á tì í sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ parí. Bùrọ̀dá lọ bá káfíńtà wo ògiri ilé ìwòsàn, ó fi pátákó sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ. Ilé dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ìyàwó wa gbé oúnjẹ wá fún mi, mo rí búlúù lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì kì í mọ́, n ò rò ó sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi aṣọ di pátákó, wọ́n kó wọn lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, gbọ̀ngàn kún. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, aláìsàn wà níbẹ̀, àwa ará ilé jókòó síwájú. Ọ̀gá ilé ìwòsàn fa aṣọ náà wálẹ̀, gbogbo ènìyàn sì mí kanlẹ̀. Odò náà dára. Igi dára. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo igi. Obìnrin tí èèyàn ní láti wá kí ó tó rí, òun ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé báyìí. Síkáàfù orí rẹ̀ ń tàn bí àtùpà.

Ìgbà náà ni èékánná ọjọ́sí yé mi. Bùrọ̀dá ti sọ ọ́ nínú ilé wa títí, etí wa ló di: búlúù àti àwọ̀ ọsàn kì í jókòó jẹ́ẹ́ tira wọn. Ẹni tó bá fi búlúù yí ọsàn ká, ariwo ló ní kí ọsàn máa pa. Ìyàwó wa tó jókòó ti àmì láti ọdún pípẹ́ wá, tí kì í dé ẹnu géètì, ibi tó wà ló ti ṣe tirẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti gbẹ.

"Bàbá Tótòtó," ni ọ̀gá náà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ta ni obìnrin yìí?"

Bùrọ̀dá dìde. Ó rìn lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó di ojú kan, ó wò ó. Ó padà wá, ó sún mọ́ pátákó, ó fi ìka kan àmì búlúù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá bojú wo ibi tí a jókòó. Ìyàwó wa ká ìka rẹ̀ pa mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo ní ó tán, òní ni yóò dójú tì í láàárín ènìyàn.

"Ìyàwó mi ni," ni Bùrọ̀dá wí.

Àtẹ́wọ́ ròkè. Wọ́n ní kí ìyàwó bọ́ síwájú kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ara rẹ̀. Ó lọ dúró, omijé ń dà lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan nu tirẹ̀ náà nù, ó ní irú ìfẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n.

Nínú ọkọ̀ káfíńtà tó gbé wa padà, ìyàwó wa yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò bínú?" ni ìyàwó wa wí.

"Ó dára ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ."

"Odò ni mo fẹ́ kó gbé e lọ, Dádì. Ìdí tí mo fi da búlúù yí i ká nìyẹn."

Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, owú ń jẹ mí. Èmi tí mo kọ́kọ́ fọ búrọ́ọ̀ṣì, n ò sí nínú àwòrán kankan. Òun tó ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n fi odindi ògiri ilé ìwòsàn ta á lọ́rẹ, orí irọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ tíṣà dé orí ahọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ yẹn. Mo gbé e mì. Mo ní kí òmùgọ̀ máa jayé rẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn dé, òkè àti àfonífojì fún ilé ìkàwé kan. Ìyàwó wa ti yí padà, òun náà ti ń lọ sẹ́nu géètì, á di ojú kan bí ọkọ rẹ̀. Bùrọ̀dá ya òkè, ó ya koríko, ó ya ọ̀nà. Ó fi ọ̀nà náà sílẹ̀ lófìfo. Mo rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ti tán nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ìyàwó wa láti ẹnu géètì.

"Dádì, èmi dà?"

"Kí lo wí?"

"Ẹ ní ìyàwó yín ni, ní gbangba. Èmi dà nínú èyí?"

Bùrọ̀dá wò ó. Ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe ti mọ́ ọn lára, lọ síbi ìdérí àwọ̀ ọsàn. Ìyàwó wa ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdérí náà.

"Èmi ò ní síkáàfù ọsàn, Dádì. N ò ní i rí. Pupa ni tèmi."

Mo dá máṣíìnì dúró. Bùrọ̀dá ò lè wo ojú rẹ̀.

"O mọ̀," ni ó wí.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran." Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ṣí ìdérí pupa, ó gbé e fún un. "Àwọ̀ wo ló ń mú pupa pariwo?"

"Àwọ̀ ewé."

"Ẹ fi yí mi ká," ni ó wí. "Ẹ fi yí mi ká dáadáa."