Àdéhùn Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà

Bí ọmọ tuntun bá dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní yunifásítì náà, tó gbé àpótí kalẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró bí adìyẹ tó dé ilé onílé, Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ rí. Pọ́tà ni. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn kan tó ń kọ́ni nínú ọgbà báyìí ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge. Yàrá kótópó kan ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tábìlì kan, pákó tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sí, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pààrọ̀ rẹ̀.

Kì í fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́ láìfún un ní ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn náà sì máa ń gùn ju àtẹ̀gùn ilé náà lọ. Á ní kí ọmọ máa jókòó níwájú ní kíláàsì, nítorí oorun àti òfófó ni àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn ń kọ́. Á ní kó ti lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe kíláàsì kí ọjọ́ kíláàsì tó pé, torí ẹní bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Á ní wọ́n máa ń yí yàrá padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèrè, kí ojú má tì í. Kó má yá ẹnikẹ́ni ní nóòtì rẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bí ẹni náà bá tilẹ̀ ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Èyí tó bá ní ọkùnrin kan fẹ́ máa bá òun kàwé, á wò ó lókè, á wò ó nílẹ̀, á bi í bóyá ìwé yẹn ní ojú ewé. Ìgbẹ̀yìn ló máa ń sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí nǹkan bá ti ń wọ́, kí ọmọ má fi pamọ́.

"Tí o ò bá rí ẹni sọ fún, wá bá mi ní fèrèsé yìí. Èmi wà níbí."

Wọ́n sì ń wá. Èyí tí àárò ilé ń pa, èyí tó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, èyí tí òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Á po tíì fún wọn, á gé búrẹ́dì, á jẹ́ kí wọ́n sunkún tó ìwọ̀n tó yẹ, á wá ní ó tó, kí wọ́n lọ fọjú. Kò mọ ìṣirò, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọ tó bá ti rí ẹni sọ ọ̀rọ̀ fún ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ bí. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, kú nígbà tí ọmọbìnrin náà ṣì ń rákò. Láti ìgbà náà ló ti di pé bí ìgbín fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Nígbà tí ìròyìn dé pé yunifásítì kan náà yìí ti gba ọmọ náà wọlé, ìyá rẹ̀ jó nínú ilé ìdáná títí omi tó gbé kaná fi gbẹ, ìkòkò sì jóná. Kò bìkítà fún ìkòkò.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀rù dé. Ó rántí ọmọ kan láyé àtijọ́, tí bàbá rẹ̀ ń gé koríko nínú ọgbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá wọ kíláàsì, wọ́n á máa gbọn ẹsẹ̀ aṣọ wọn bí ẹni pé koríko lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí ó má baà pàdé bàbá rẹ̀. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà rí ojú ọkùnrin náà nígbà yẹn, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ó búra nínú ọkàn rẹ̀ pé wọn ò ní í rí ọmọ tòun fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó pe ọmọ jókòó. Ó ní, "Nínú ọgbà yẹn, èmi kì í ṣe ìyá ẹ. Bí wọ́n bá ṣe kí mi ni kí ìwọ náà kí mi, kí o máa bá tìẹ lọ. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé ìyá òun kò rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò lè bú obìnrin náà. Ìfẹ́ ló bí àdéhùn yẹn. Àmọ́ ìfẹ́ náà máa ń ṣìnà, àgàgà ìfẹ́ tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà.

Bí ọmọ náà ṣe wọlé nìyẹn, wọ́n sì fún un ní yàrá nínú ilé tí ìyá rẹ̀ ń ṣọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tuntun dé, Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ní ìmọ̀ràn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ó sì fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó kan ọmọ tirẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní, "Yàrá òkè, apá ọ̀tún," ó sì yíjú. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ rí ayọ̀ lójú rẹ̀. Ó rò pé òun á sọ ìyókù lórí fóònù.

Láràárọ̀ ni ọmọ náà ń gbé báàgì kọ́ èjìká kọjá níwájú fèrèsé. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá rẹ̀ á ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi." Gbogbo wọn ló ń pè ní ọmọ mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Á wò ó títí á fi yà lọ́nà ilé ìkàwé, orí rẹ̀ á sì wú. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á pè é lórí fóònù, á bi í bóyá ó ń jókòó níwájú. Ọmọ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kíláàsì ńkọ́? Dáadáa ni, mọ́mì. Ìyá á wá pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, á ròyìn fún un pé ìwé ń wọ ọmọ òun lórí bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ.

Wọ́n parí ìdánwò. Ilé ń ṣófo díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ ń dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọge kan tó ń gbé yàrá òkè wá sí fèrèsé, ó dúró, ó ń fi ìka yí etí aṣọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá àwọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú yàrá àwọn. Ẹni náà ń di ẹrù. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wọ kíláàsì kẹ́yìn. Ṣe ló máa ń gbé báàgì jáde láràárọ̀, á lọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré títí oòrùn á fi wọ̀. Kò ṣe ìdánwò kankan, ilé ìwé sì ti ní kó máa lọ.

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ti ń nawọ́ sí ife tíì. Ó ní kí ọmọge náà sọ fún onítọ̀hún kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun. Ó bi í pé ibùsùn wo ni.

Ọmọge náà sọ ibùsùn. Ó wá fi kún un pé, "A ní kó pe ìyá ẹ̀, mà. Ó ní ìyá òun jìnnà."

Ife bọ́. Obìnrin náà kò wo ilẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn náà tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, kò ti fèrèsé, kò ti ilẹ̀kùn, èyí tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti dé ẹnu iṣẹ́.

Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí fóòmù tí wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó dìde bí wọ́n ṣe ń dìde fún pọ́tà. Ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ bínú, kò ráyè bínú. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun, òun tí gbogbo ọmọ ilé yìí ń sọ tiwọn fún.

"Mo wá, mọ́mì," ọmọ náà wí. "Kò tíì pẹ́ tá a wọlé nígbà yẹn. Wọ́n yí yàrá kíláàsì wa padà, mi ò mọ̀. Mo jókòó sáàárín àwọn ẹlòmíì títí wọ́n fi parí, ojú ń tì mí láti dìde. Ìgbà tí mo fi máa rí yàrá gangan, wọ́n ti ṣe ìdánwò kan, olùkọ́ ní kí n jáde. Mo wá tò sórí ìlà ní fèrèsé yín. Nígbà tó kàn mí, ẹ wò mí, ẹ ní, 'Ẹni tó kàn.'"

Obìnrin náà rántí. Ó rántí pé omi wà lójú ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ sì ti ń là. Àwọn ọmọge kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ "mọ́mì" ni òun sì rò pé ó fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun gbójú ga kọjá orí rẹ̀, òun pe ẹni tó wà lẹ́yìn, òun sì po tíì fún ìyẹn. Nírọ̀lẹ́ òun pè é, òun bá a wí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí. Ọmọ náà ní kí òun má bínú. Òun kò bi í pé kí ló bá wá.

Ó bẹ ọmọ náà. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn lọ bá àwọn olùkọ́, bóyá wọ́n á gbà kó tún bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ náà mi orí. Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní òun kò bínú, àdéhùn làwọn ṣe, àmọ́ òun ò lè gba iwájú fèrèsé yẹn kọjá mọ́. Ìyá rẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó jókòó sórí fóòmù náà, ó sunkún, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó tó.

Nígbà tó dìde, ó fúnra rẹ̀ gbé àpótí náà. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti tò síwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń dúró dè é pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi nìyí," ó wí. "Ọmọ tí mo bí."

Ẹnì kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ẹlòmíì jáde wá, ó bá wọn gbá apá kejì àpótí náà mú. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Kò rí ẹnì kan.