Láńlọ́ọ̀dù mi àti ìbò Jọ́jíà

Orí bẹ́ńṣì iwájú ilé wa ní Àjàó Estate ni mo jókòó sí tí mo fi yan gbogbo aṣojú tí ìpínlẹ̀ Jọ́jíà rán lọ sílé aṣòfin Amẹ́ríkà. Kò sí ọ̀kan tó wọlé tí n kò fọwọ́ sí.

Èmi àti láńlọ́ọ̀dù mi la jọ ṣe é. Bó bá ti di ọjọ́ ìbò wọn, á wẹ̀, á dé fìlà, á jókòó ti rédíò bí ẹni tó fẹ́ lọ tẹ̀ka. Ẹkùn ìdìbò tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé nìkan ló kàn án. Ọmọ náà kò tíì gba ìwé ìgbélùú. Bó bá jáde ní Amẹ́ríkà, kò ní lè padà wọlé. Bàbá gbà pé aṣojú wọn ló máa bá a gbà á.

Ó pè é lórí fóònù. “Ṣé o ti lọ kí aṣojú yín nílé? Mú iṣu dání, kí o kúnlẹ̀ dáadáa.”

“Dádì, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n tiẹ̀ ti tún ààlà ẹkùn ìdìbò pín, a ti bọ́ sí ẹkùn mìíràn.”

“O kó kúrò nílé ni?”

“Rárá, sà. Ààlà ló yí.”

Ó pa fóònù, ó wò mí. “Ilé dúró, ààlà rìn. Ta ni kó wá lọ kí báyìí?”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kó kí àwọn méjèèjì.” Kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún yẹn ló kú. Ọmọ náà wọ bàálù wálé, ó sì bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí bàbá rẹ̀.

Mo parọ́ àwọn aṣojú tí mo ní mo yàn. Mo sì parọ́ bàálù yẹn. Ọmọ náà kò wá. Èmi ni mo bá a bu yẹ̀pẹ̀.